Ọpọ́n Ayò àti Ẹnu Àwọn Òǹwòran

Nínú gbogbo eré tí àwọn Yorùbá ń jókòó ṣe, ayò ọlọ́pọ́n ni àgbà. Àwọn baba ńlá tí wọ́n fi í lé ọmọ lọ́wọ́ kò kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tí ó pàṣẹ pé kí ará ìlú máa ta á. Síbẹ̀ òfin náà kò sọnù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó pa á mọ́, kí ó má wo ọpọ́n nìkan. Kí ó tẹ́tí sí àwọn tí wọ́n yí ọpọ́n ká. Ẹnu wọn ni ìwé ayò wà, ìtàn eré yìí ní ilé àti ní òkè òkun sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọpọ́n ayò jẹ́ igi gbígbẹ́ tí ó ní ojú 12, mẹ́fà ní apá kìíní, mẹ́fà ní apá kejì. Ọmọ 48 ni wọ́n ń fi ta á, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ọmọ wọ̀nyí. Wọ́n le, wọ́n ń dán, àwọ̀ wọn sì dàbí eérú. Ẹni tí ó kàn láti ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ojú kan ní apá tirẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojú kan ní apá ẹnìkejì, tí ó sì sọ iye ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí iye ojú tí ó ṣáájú rẹ̀ ní apá náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú, ó jẹ ìyẹn náà. Bí apá ẹnìkejì bá ṣófo, òfin kò gbà kí ènìyàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; ó gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá lè ṣe é. Ẹni tí ó bá ti jẹ 25 ti borí, nítorí ohun tí ó kù kò tó èyí tí ẹnìkejì lè fi bá a dọ́gba. Ojú tí ọmọ bá pọ̀ sí jọjọ ni wọ́n ń pè ní odù, ìbẹ̀rù odù sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n nínú ayò.

Ọ̀nà tí àwọn Yorùbá ń gbà kí àwọn tí ń ta ayò tó láti fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá dé ìdí ọpọ́n kì í kí ènìyàn ní “ẹ kú iṣẹ́”, kì í sì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Yóò wí pé: “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.” Ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé: “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn.” Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò í ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n. Ohun méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú sí nínú ìkíni yìí. Èkíní, kò dárúkọ bàbá tàbí ọmọ, olóyè tàbí tálákà. Ìmọ̀ nìkan ni ó fi pín àwọn ènìyàn. Èkejì, ẹni tí ó ń kí wọn kò tí ì jókòó ta nǹkan kan. Òǹwòran ni, ṣùgbọ́n kí ó tó dúró dáadáa ni wọ́n ti fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Èdè Yorùbá ti pèsè àyè sílẹ̀ fún un nídìí ọpọ́n.

Nítorí náà ni ìdí ayò fi jẹ́ ibi tí ọ̀wọ̀ ọjọ́ orí a máa rọ̀ díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò jẹ́ gbójú sókè wo àgbàlagbà níbòmíràn lè sọ fún un níbẹ̀ pé ọ̀pẹ ni, kí àgbàlagbà náà sì rẹ́rìn-ín. Àwọn òǹwòran kì í dákẹ́. Wọ́n a máa ka ọmọ inú odù láti òkèèrè, wọ́n a máa sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó pàdánù ti ta, wọ́n a sì máa fi ayò òní wé ti àná. Bí ìjà bá dé lórí ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, ẹnu púpọ̀ ni yóò parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ igi odán tàbí ní iwájú agbo ilé, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti parí tí oòrùn sì ti ń rọlẹ̀, ọmọdé tí ó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó pè é jókòó, ṣùgbọ́n kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò ni ó ti mọ òfin, tí ó ti mọ àṣìṣe, tí ó sì ti mọ orúkọ ohun gbogbo. Àwọn àgbà wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nídìí ayò, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni ó ń sọ ọ̀pẹ di ọ̀ta.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ nípa èyí wà ní ìkọjá òkun. Eré yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn Akan ní ilẹ̀ Gánà ń pè é ní oware, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ní irú tiwọn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí ó jẹ́ kí wọ́n di ọpọ́n mọ́ ẹrù. Ohun tí ó wà lórí àti lẹ́nu nìkan ni wọ́n gbé dé ibẹ̀. Síbẹ̀ eré náà wà ní Antigua àti Barbados títí di òní tí wọ́n ń pè é ní wari, ó sì wà ní Suriname pẹ̀lú. Ní 1894, Stewart Culin, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ìdílé eré yìí, ó sì pè é ní eré orílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1932, Melville Herskovits tẹ ìwádìí jáde nípa wari nínú ayé tuntun tí àwọn ẹrú bá ara wọn. Àwọn tí wọ́n gba orúkọ àti ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò rí òfin ayò gbà, nítorí kò sí nínú àpótí tí ènìyàn lè já.

Nígbà tí àwọn Òyìnbó mú eré tiwọn dé Èkó, ìbéèrè kan náà ni ó dìde lọ́nà mìíràn: níbo ni eré àlejò yóò jókòó sí? Lúdò dé, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe jáde ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún láti inú pachisi, eré àtijọ́ àwọn ará Íńdíà. Dráàfù náà dé. Èdè ni ó fi hàn bí wọ́n ṣe gbà wọ́n. Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún wọn. “Ta” tí wọ́n ń lò fún ayò ni wọ́n lò, tí wọ́n fi ń ta lúdò, tí wọ́n fi ń ta dráàfù. “Jẹ” tí wọ́n ń lò fún ọmọ ayò ni wọ́n lò fún ọmọ dráàfù pẹ̀lú. Ìjókòó kan náà ni wọ́n fún wọn, òǹwòran kan náà ni ó sì yí wọn ká.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí èyí kedere, agbègbè Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó yẹ fún un láti wò. Láti Kétu àti Ìkòsí títí dé Mile 12, ọjà àti ibùdókọ̀ ni ó gba ọ̀nà Ìkòròdú. Ọjà Mile 12 ni tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ti ń wọ Èkó láti òkè Ọya. Ọjà irú èyí ni ìsinmi àti ìdúró tirẹ̀: ẹni tí ó ń retí ọkọ̀ ẹrù, ẹni tí ó ti já ẹrù tán, awakọ̀ tí èrò kò tí ì kún ọkọ̀ rẹ̀. Níbi tí ìdúró bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pátákó dráàfù kò ní ṣàìdé. Ó rọrùn ju ọpọ́n ayò lọ láti rí. Káfíńtà kan lè fa ìlà ojú 100 sórí pátákó pẹlẹbẹ láàárín wákàtí kan, ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì lè di ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére ni ó ń gbẹ́ ọpọ́n ayò, igbó sì ni wọ́n ti ń ká ọmọ rẹ̀. Ìyípadà yìí kò fi hàn pé àwọn ènìyàn kórìíra ayò. Ìlú ńlá ni ó jìnnà sí igbó.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìṣòwò pa Yorùbá àti Háúsá pọ̀ ní ọjà yìí. Àwọn Háúsá ní eré tiwọn tí ń jẹ́ dárà, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò 30 sínú iyanrìn fún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ 12. Ẹni tí ó bá to ọmọ mẹ́ta ní ìlà kan yóò mú ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì. Ẹni tí ó dàgbà nídìí dárà àti ẹni tí ó dàgbà nídìí ayò lè pàdé lórí dráàfù, èyí tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Bẹ́ẹ̀ ni eré àlejò di afárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “odù” àti ìkíni ọ̀ta àti ọ̀pẹ kò sọdá afárá náà. Eré lè rí àyè jókòó kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má rí.

Ìrìn àwọn eré tuntun mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ní 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ipò kìíní nínú ìdíje Scrabble àgbáyé ní Perth, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ní Abuja, Kenechukwu Ogbuagu dá NIBCARD sílẹ̀ láti máa ṣe eré orí pátákó tuntun, ó sì ń pe àwọn olùfẹ́ eré jọ láti ta wọ́n, kí wọ́n sì sọ èrò wọn nípa wọn. Tunde Onakoya, tí ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, tí ó sì ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin 2024, kò kọ́ eré náà nínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ni ó ti kọ́kọ́ rí i, ní òpin ọ̀nà kan náà tí ó gba Kétu àti Mile 12 kọjá. Òǹwòran ni òun náà jẹ́ kí ó tó di ọ̀ta.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, èyí tí òfin rẹ̀ bá ti ayò mu. Ẹ̀rọ náà, tí ó ní ọpọlọ 144, fi wákàtí 51 gbé ipò 889,063,398,406 yẹ̀ wò, ó sì rí i pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀ta kan tí ó fi ọpọ́n sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ ohun tí ó tọ́ láti ta. Kò mọ̀ pé bàbá tí ó jókòó yìí a máa kánjú bí wọ́n bá ti pè é ní ọ̀pẹ, kò sì lè sọ fún ọmọdé tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ìdí tí ìkánjú fi pa á.

Lónìí, lúdò àti ayò wà nínú fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bá ẹ̀rọ ta wọ́n nínú ọkọ̀ èrò. Òfin wọn wà ní pípé nínú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n òǹwòran kò sí. Ayò wà lára àwọn eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fi díje nínú ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973, A. O. Odeleye sì ti kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1977. Òfin ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó wà nínú ewu: orúkọ ọ̀nà ìta kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fẹ̀ tí kò di ìjà, ìkíni àti ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá gbé ọpọ́n wọ kíláàsì fún ẹ̀kọ́ ìṣirò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ yòókù dákẹ́, ìdajì eré ni ó kọ́ wọn. Ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ìdí ayò tí ó bá sún mọ́ ọn nígbà tí àwọn ọ̀ta àgbà ṣì wà láàyè. Kí ó kí wọn bí ó ti tọ́. Wọn yóò sọ fún un pé ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn, kí ó sì dákẹ́, kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀.