Àrùn Ọkàn àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù Ilé Ìwòsàn Nàìjíríà

Àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo àìsàn tó bá ọkàn fúnra rẹ̀ jà, àti èyí tó bá àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀, rọpárọsẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọkàn má lágbára àtifún ẹ̀jẹ̀ mọ́, kí ilẹ̀kùn inú ọkàn bàjẹ́, tàbí kí iṣan tó ń bọ́ ọkàn dí. Ní Nàìjíríà, àwọn àìsàn wọ̀nyí wà lára ohun tó ń gba bẹ́ẹ̀dì jù ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà àwọn ilé ìwòsàn ńlá, láti Ìbàdàn títí dé Kánò. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iṣan ọkàn tó dí ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń ba ọkàn jẹ́. Níhìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú ni. Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà dunni, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, oògùn rẹ̀ sì ti wà tipẹ́.

Àkọsílẹ̀ tó fi èyí hàn kedere jù ni ti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún 2009 sí 2010, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró síbẹ̀ nítorí pé ọkàn wọn kò lè fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn aláìsàn náà jẹ́ 452. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́. Àwọn tí tiwọn wá láti ara iṣan ọkàn tó dí kò tó ẹnì kan nínú igba. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, kò ju ọdún 57 lọ. Ìwádìí kan tó kó ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án jọ, tó sì jáde ní 2012, tún rí i pé àwọn aláìsàn 1,006 tí wọ́n wò kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 52 ni ìpíndọ́gba tiwọn. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni irú àìsàn yìí sábà máa ń gbé wọ ilé ìwòsàn. Níhìn-ín, ẹni tó ṣì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò wà ní títì títí yóò fi délé.

Bí wọ́n ṣe ń dé

Kì í sábà jẹ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kùnà dédé wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ti ń fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ, èémí á há. Ẹsẹ̀ wọn ti wú tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn kan ti ra oògùn òtútù àyà ní kẹ́míìsì àdúgbò, àwọn kan ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn mìíràn ti gba ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ẹni náà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárín òru, tí kò lè parí gbólóhùn kan, ni ẹbí á tó wá ọkọ̀ gbé e lọ sí yàrá pàjáwìrì.

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun aláìsàn, á dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bó bá gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ á jìn kòtò, kò sì ní tètè kún. Omi tó yẹ kí kíndìnrín tọ̀ dànù ló ti dúró sí ẹsẹ̀, tó ti gun ikùn, tó sì ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á gbé e jókòó, wọ́n á fún un ní ọ́síjìn bó bá wà, wọ́n á sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ni tọ̀, èyí tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀ sí Lasix. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n á máa wọn ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa gbé e gun òṣùwọ̀n láràárọ̀. Bó bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni wọ́n fi ń mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè sùn gbalaja lálẹ́ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Àtúnṣe tó yá báyìí máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu, òun náà ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ láti rò pé àìsàn ti tán.

Rọpárọsẹ̀

Rọpárọsẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní àrùn ẹ̀gbà, yàtọ̀ ní ti pé òun kì í fúnni ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó jí lọ́wọ́ àárọ̀ lè má lè gbé ife tíì lọ́sàn-án. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti ka àwọn tó ń ní in lẹ́sẹẹsẹ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é pẹ̀lú àjọ ìlera àgbáyé láti 1973 sí 1975, wọ́n sì rí nǹkan bí èèyàn 26 nínú 100,000 lọ́dún. Ní 2018, ẹgbẹ́ ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ń ṣáájú, fi àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà wé àwọn tí kò ní in, ó lé ní ẹgbàá lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló tún wà lókè. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ sì ni àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé àti bíbu iyọ̀ sórí oúnjẹ tí wọ́n ti sè tán. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣì gbà pé ọfà ni wọ́n ta aláìsàn, wọ́n á sì kọ́kọ́ gbé e lọ sílé babaláwo tàbí orí òkè àdúrà. Èmi kò bá wọn jà lórí ìgbàgbọ́. Àmọ́ iṣan ọpọlọ tó ti dí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, wákàtí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ti wà ṣáájú

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló kún wọ́ọ̀dù látijọ́. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1960, ọ̀dọ́ láti àwọn abúlé inú ẹgàn ń wá pẹ̀lú ikùn tó wú ju ẹsẹ̀ lọ: awọ inú ọkàn wọn ti nípọn, ó ti le, kò lè fẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àìsàn náà ti di ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́ ṣì wà. Ọ̀fun dídùn ọmọdé tí a kò fi penicillin tọ́jú ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní òkè ọya, Zaria àti Kánò ní tiwọn. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ni ọkàn rẹ̀ máa ń kùnà láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó bá bímọ. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria fura sí àṣà ìtọ́jú ìyá ìkókó níbẹ̀: mímu kókó tí wọ́n fi káún sí, fífi omi gbígbóná wẹ̀, àti sísùn lórí ibùsùn alámọ̀ tí wọ́n ń dáná sí lábẹ́. Àwọn ìwádìí Kánò lẹ́yìn náà kò ka àṣà yìí sí olórí ẹ̀bi. Ohun tí wọ́n rí ni ìṣẹ́, àìkàwé, àti àìtó èròjà selenium nínú ara.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wá

Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe darí jábọ̀ ní 1997 pé nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òṣùwọ̀n 160/95 ni wọ́n sì lò nígbà náà. Pẹ̀lú 140/90 tí a ń lò báyìí, àkójọ tí Davies Adeloye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2015 gbé e sí nǹkan bí 29. Nínú àwọn tó ní in yìí, nǹkan bí 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbímọ́ lásán. Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lẹ́yìn odò: ní 1997, wọ́n rí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ wa, 26 ní Kàríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń jẹ, bí ara wọn ṣe sanra sí, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ayé ló yàtọ̀, àwọn ìlú ńlá wa sì ti ń súnmọ́ ọ̀nà ayé àwọn tó wà lọ́hùn-ún.

Owó àti ìpadàbọ̀

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń fi owó àpò ara wọn san gbogbo rẹ̀: káàdì, bẹ́ẹ̀dì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ́ksíréè, àti àwòrán ọkàn tí kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Ọmọ ló ń mú ìwé oògùn sáré lọ sí fámásì. Òfin 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣì kéré. Iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣòro ju èyí lọ. Ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn èèyàn ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Enugu, pẹ̀lú Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub. Lónìí, wọ́n ń ṣe é níbòmíràn pẹ̀lú, ilé ìwòsàn Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ wà lára wọn. Síbẹ̀, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ṣì ń dúró dè, ìdí nìyí tí agbábọ́ọ̀lù Nwankwo Kanu, tí wọ́n tún ilẹ̀kùn ọkàn òun náà ṣe ní 1996, fi dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2000.

Nínú àwọn aláìsàn 452 ti Abẹ́òkúta, ìdá 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló kú sínú ilé ìwòsàn. Nínú ìwádìí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án náà, kí oṣù mẹ́fà tó pé, àwọn tó kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn kú lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ti sọ pé ara wọn yá. Nígbà mìíràn, oògùn tó kún àpò lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ti tán, ẹsẹ̀ kò wú, kò sì sí ohun tó rán wọn létí láti ra òmíràn. Láti 2020, ètò kan tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ ìlera àgbáyé jọ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò ti gbé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru sọ̀ kalẹ̀ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ló ń wọn ìfúnpá níbẹ̀, òun ló ń fúnni ní oògùn lábẹ́ ìlànà kan ṣoṣo, òun náà ló ń pe ẹni tí kò bá padà wá.