Ilé Àwọn Àgùdà ní Èkó

Ẹni tí ó bá dé Èkó tí ó ń bèèrè ohun àtijọ́, Ìga Ìdúngànràn ni a sábà máa ń kọ́kọ́ júwe fún un. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ya Pópó Àgùdà pẹ̀lú, nítorí pé ara ògiri ni ìtàn wà níbẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà wálé, ni à ń pè ní Àgùdà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bàhíà ní 1835, ayé nira níbẹ̀ fún àwọn tí ó ti gba òmìnira, ọ̀pọ̀ sì wá ọkọ̀ bọ̀ wálé. Wọn kò bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a sì mọ òdòdó sí lára, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Iṣẹ́ tí a fi ipá kọ́ wọn lóko ẹrú ni wọ́n fi tún Èkó ṣe.

Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Ṣítà ní títì Martins. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní ilẹ̀ Sàró, ni ó náwó rẹ̀. João Baptista da Costa, Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì, 1894, tí a ṣí i, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì sì fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Shitta. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ náà! Ní Kákáwà, ẹ ó rí ilé João Esan da Rocha, tí a ń pè ní ilé omi nítorí omi kànga tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ má wá Ilojo Bar mọ́. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní Ìta Tinúubú ní 1855, ọdún kan kí a tó lé Ẹfúnróyè Tinúubú fúnra rẹ̀ kúrò ní Èkó. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ Sunday kan, 11 oṣù September, 2016, katapílà wó o palẹ̀. Òfin kì í kan páànù. Ẹni tí ó jogún ilé tí ń jò, tí a ní kò gbọdọ̀ wó, tí a kò sì fún lówó àtúnṣe, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe? Kí a tó dá a lẹ́bi, ó yẹ kí a bi ìjọba léèrè owó náà.

Àwọn ilé kéékèèké ṣì kù káàkiri Bámgbóṣé àti Campos. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé àti gègé dání. Ẹ ya àwòrán ojú ilé, kí ẹ sì bi àgbà inú rẹ̀ pé ta ni bíríkìlà tí ó kọ́ ọ.