Èdè Tí Òfin Ń Sọ: Láti Àfárá Trefechan (1963) dé Y Gwyll (2013)

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n S4C ní ilẹ̀ Wales bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan hàn ní èdè Welsh. Y Gwyll ni wọ́n pè é, ìyẹn àkókò tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Nígbà tí BBC gbé e jáde ní 2014, Hinterland ni orúkọ rẹ̀. Ó dá lórí àwọn ọlọ́pàá Aberystwyth, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Wales. Tom Mathias, tí Richard Harrington ṣe, ti London dé láti máa darí ìwádìí. Mared Rhys, tí Mali Harries ṣe, ni ọmọ àdúgbò tó mọ tilé tọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn eré náà kò bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Ní ìlú yìí kan náà, ní àádọ́ta ọdún ṣáájú, ni àwọn ọ̀dọ́ ti bá ìjọba fà á lórí èdè tí ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé.

1. Òfin kí eré tó dé

Òfin tí Ọba Henry Kẹjọ ṣe ní 1536 pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ilé ẹjọ́ máa lò ní Wales. Fún irínwó ọdún, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń dúró níwájú adájọ́ bí àlejò nínú ìlú bàbá rẹ̀. Òfin 1942 ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: ẹni tí lílo Gẹ̀ẹ́sì bá máa pa ẹjọ́ rẹ̀ lára lè sọ Welsh. Ìyẹn ni pé kí ènìyàn tó lo èdè ìyá rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ sọ pé òun kò gbọ́ tẹlòmíràn tó.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1962, òǹkọ̀wé Saunders Lewis sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC. Tynged yr Iaith ni àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀, àyànmọ́ èdè náà. Kókó rẹ̀ ni pé kí àwọn tó ń sọ Welsh mú kí ó ṣòro fún ìjọba láti ṣiṣẹ́ láàárín wọn láìlo èdè wọn. Ní ọdún yẹn náà, ọlọ́pàá Aberystwyth mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gareth Miles, nítorí pé ènìyàn méjì wà lórí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kéré. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìwé ìpè sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n fún un, ó sì kọ̀ ọ́.

Ẹgbẹ́ Cymdeithas yr Iaith Gymraeg, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, mú ọ̀rọ̀ ìwé ìpè yìí ní ọ̀kúnkúndùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1963, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lẹ ìwé mọ́ ara ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Aberystwyth. Wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá mú wọn, kí wọ́n lè béèrè ìwé ìpè ní Welsh. Ọlọ́pàá kò mú wọn. Ni àwọn kan nínú wọn bá lọ jókòó sí ojú ọ̀nà lórí àfárá Trefechan, tí ọkọ̀ kò lè kọjá.

Òfin 1967 gbà kí ẹnikẹ́ni sọ Welsh ní ilé ẹjọ́ ní Wales, láìsí pé ó ń ṣàlàyé àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ní 1980, olóṣèlú Gwynfor Evans kéde pé òun yóò gbààwẹ̀ títí dé ojú ikú bí ìjọba kò bá mú ìlérí tẹlifíṣọ̀n Welsh ṣẹ. S4C bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1982. Ní 1992, Robyn Léwis tó jẹ́ agbẹjọ́rò tẹ ìwé atúmọ̀ èdè òfin jáde ní Welsh. Òfin mìíràn tẹ̀lé e ní 1993. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: ilé ẹjọ́ ló ṣáájú, tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e, eré ọlọ́pàá yìí ló wá dé lẹ́yìn.

2. Ìran méjì nínú eré

Ẹjọ́ tí Mathias kọ́kọ́ bá pàdé ni ti obìnrin àgbàlagbà kan tó pòórá nínú ilé rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì kún ibi ìwẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ti jẹ́ olórí ilé ìtọ́jú ọmọ kan rí, ní Pontarfynach, lórí òkè tí kò jìnnà sí ìlú. Ìwádìí náà gbé àwọn ọlọ́pàá lọ sẹ́yìn, sí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ ilé náà nígbà kan. Ọ̀rọ̀ ilé yìí padà wá ní apá kẹta eré náà, ó sì hàn pé ọwọ́ àwọn àgbà ọlọ́pàá wà nínú bí wọ́n ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá ìran yìí wá ń bi ọlọ́pàá ìran àná léèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò rọrùn ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya ìran kọ̀ọ̀kan nínú eré náà, lẹ́ẹ̀kan ní Welsh, lẹ́ẹ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, òṣèré kan náà. Ṣùgbọ́n èdè méjèèjì kò ní irinṣẹ́ kan náà. Welsh ní ti fún ẹni tí a bá jọ ń ṣeré, ó sì ní chi fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún tàbí fún ènìyàn púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ní o àti ẹ. Ẹni tó ń kọ eré ní Welsh ní láti pinnu èyí tí ọlọ́pàá máa lò fún àgbàlagbà tí ó fura sí. Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìpinnu náà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀kankan nínú ẹ̀dà méjèèjì kò jọ ìlú náà délẹ̀délẹ̀. Nínú ti S4C, Welsh ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Nínú ti BBC, Gẹ̀ẹ́sì ló gbilẹ̀, Welsh kàn ń yọjú níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìkànìyàn 2011 sì sọ pé ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ceredigion, agbègbè tí Aberystwyth wà, ló lè sọ Welsh. Ní ìlú bẹ́ẹ̀, èdè méjèèjì máa ń pàdé lójú pópó, àti ní àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú.

3. Ohun tó kàn wá

Ìwé òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 sọ nínú abala kìíní pé Faransé ni èdè ìjọba. Abala 11 fún gbogbo àwùjọ ní òmìnira láti máa sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Àárín abala méjì yìí ni ògbufọ̀ dúró sí, bí ìyá àgbà kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ bá wá jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan ṣoṣo: «Wọ́n gbé ọmọ náà lọ lálẹ́.» Ó lè jẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ ló gbé e. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ni, àgbà tí ẹlẹ́rìí ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kò mọ ẹni tó gbé e rárá. Bí Faransé bá máa fi arọ́pò-orúkọ kọ ọ́, ó ní láti yan ọ̀kan: ils, il tàbí elle, on. Bí ògbufọ̀ bá yan ils, bàbá àgbà kan ṣoṣo ti di ọ̀wọ́ àwọn ajọ́mọgbé nínú ìwé ọlọ́pàá. Ó tún ku «ó», tí kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Òmìnira ẹni kan lè wà lórí arọ́pò-orúkọ.

Àwọn kan lè sọ pé fíìmù Yorùbá pọ̀ tó, pé èdè wa kò nílò irú ìjà bẹ́ẹ̀. Fíìmù pọ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Nàìjíríà wá. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé bí ọlọ́pàá inú wọn bá fẹ́ fi agbára hàn, Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń fà yọ. Eré kò lè fi ohun tí òfin kò fún èdè wọ̀ ọ́ láṣọ fún ìgbà pípẹ́. Ní Wales, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ń bẹ lẹ́nu ilé ẹjọ́ kí òṣèré tó gbà á sọ.

Nítorí náà, ibi tí mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ògbufọ̀. Kí wọ́n kó gbólóhùn tí àwọn ògbufọ̀ ń tú jọ. Kí wọ́n tọpa bí wọ́n àti ẹ ti ọ̀wọ̀ ṣe rìn jìnnà tó nínú ẹ̀ka-èdè Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, àti ti Ifẹ̀ ní Tógò. Kí wọ́n sì bi àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń pe ẹlẹ́rìí, afurasí àti ẹ̀rí ní ààfin kí ilé ẹjọ́ Faransé tó dé. Iṣẹ́ yẹn ló máa ran ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ lónìí, kí á tó ronú kan ẹni tó máa ṣeré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́la.