Eré Ìdárayá àti Ìrántí Àwùjọ: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Yorùbá ní Ilẹ̀ Sókótó

Nígbà tí a bá pé jọ ní Gawon Nama láti sọ ìtàn Yorùbá ní ìlú Sókótó, òwò, iṣẹ́ ọba, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò kà sí, bẹ́ẹ̀ ni ó so wá mọ́ ilé, ó sì tún so wá mọ́ àwọn onílẹ̀ tó gbà wá. Eré ìdárayá ni. Ara ìtàn wa ni, bí a kò bá sì tètè kọ ọ́ sílẹ̀, yóò bá àwọn tó mọ̀ ọ́n wọlẹ̀ lọ.

ARGUNGU: ÌDÍJE TÓ RỌ́PÒ OGUN

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí a bá nílé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjà pọ̀ láàárín Sókótó àti àwọn ará Kebbi tó wà ní Argungu, nítorí àwọn Kebbi kò gbà láti sin Sókótó. Ní 1934, Sultan Hassan dan Mu'azu ti Sókótó ṣe àbẹ̀wò sí Argungu. Láti yẹ́ ẹ sí, wọ́n ṣe ọdún ẹja pípa ńlá. Láti ìgbà náà ni ọdún Argungu ti di ohun tí ayé ń wá wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja a bẹ́ sínú odò pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti igbá, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá tóbi jù ni yóò borí. Ìjàkadì àti ìdíje ọkọ̀ ojú omi náà wà níbẹ̀. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Sókótó ni Argungu wà títí di 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Kebbi sílẹ̀. Ní 2016, àjọ UNESCO kọ ọdún náà mọ́ àjogúnbá aráyé. Kò sí ìwé àdéhùn tí ọmọdé lè rántí tó ọdún ẹja yìí.

BỌ́Ọ̀LÙ ÀTI RÉDÍÒ

Ní ti àwa Yorùbá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni okùn tiwa. Ní 1976, ọdún tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Sókótó sílẹ̀, ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn borí Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Rédíò ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo bọ́ọ̀lù nígbà náà. Ẹni tó ní rédíò ńlá a gbé e sábẹ́ igi dongoyárò, ará Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìjẹ̀bú a sì pagbo yí i ká.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 ní Sùúrùlérè, ní Èkó, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ gòólù méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọdẹ́gbàmí, ṣùgbọ́n Jos ló ti dàgbà. Christian Chukwu, ọmọ Igbo, ni balógun ẹgbẹ́ náà. Alhaji Shehu Shagari, ọmọ ilẹ̀ Sókótó, ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Àwọn aládùúgbò wa ń yọ̀ pé ọmọ àwọn ló wà nípò, àwa ń yọ̀ pé ọmọ wa ló jẹ gòólù. Ayọ̀ kan náà ni.

RÀṢÍDÌ YẸKÍNÍ: ỌMỌ ILÉ, ỌMỌ ÀJÒ

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ jọ ti àwọn ọmọ wa jù ni Ràṣídì Yẹkíní. Ọmọ Ìrá, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ló ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn, Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, Africa Sports ní Abidjan, àti Vitória Setúbal ní Pọ́túgà.

Ní 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Áfíríkà. Ní 1994, a gba ife Áfíríkà ní Tùnísíà, òun ló sì jẹ gòólù jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún kan náà, ní Dallas, Finidi George gbé bọ́ọ̀lù fún un, ó sì jẹ gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé. Ta ni kò rántí bí ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó di í mú, tó ń ké? Gòólù 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà. Títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí a bí sí ìlú Háúsá ni atamátàsé yìí. Nítorí náà, kí ọmọ wa tí a bí sí Sókótó má ṣe rò pé òun kò ní ìlú.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó ń dá gbé ní Ìbàdàn, àìsàn sì ń bá a jà. Ó kú ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, 2012, ní ẹni ọdún 48, wọ́n sì sin ín sí Ìrá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni oríyìn wá pọ̀ bí òjò. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

BÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN ṢE Ń ṢE É

Àwọn ará Ọsirélíà ní irú bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Melbourne ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1859. Àdúgbò ló ni ẹgbẹ́: Collingwood, Carlton, Richmond, orúkọ àdúgbò ni gbogbo wọn. Nígbà tí gbèsè mú kí ẹgbẹ́ South Melbourne kó lọ sí Sydney ní 1982, ó dun ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà bí ìgbà tí wọ́n pàdánù ẹbí. Ní 1996, wọ́n dá àkọsílẹ̀ ọlá sílẹ̀ fún àwọn akọni eré náà. Àwọn tó ṣì wà láàyè wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí i.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Mo ṣiṣẹ́ ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù wọn gba ohùn àwọn àgbà tó gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé, iléeṣẹ́ àti àdúgbò ní Sókótó, kí a sì kọ orúkọ sẹ́yìn àwọn fọ́tò àtijọ́. Èkejì, kí a máa yẹ́ wọn sí lójú ayé wọn, ní ọjọ́ bí irú èyí. Ẹ̀kẹta, níbikíbi tí ilé bá fẹ́ gba pápá àwọn ọmọdé, kí àwa àti àwọn olórí àdúgbò jùmọ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Níbẹ̀ ni ọmọ wa, ọmọ Háúsá, ọmọ Igbo àti ọmọ Nupe ti ń gbá kwallo pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ara wọn kí àgbà tó kọ́ wọn ní ìyàtọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àjò ó dùn, kí ó má jẹ́ kí ilé ó bàjẹ́ lẹ́yìn wa.