Ọjọ́ Tí A Fi Àdéhùn Ogun Kírìjì Múlẹ̀

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yaba tàbí Mushin pé ọjọ́ wo ni ọjọ́ òmìnira, ọdún 1960 ni yóò dá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmìnira kan wà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti fi ìbọn jà fún ṣáájú ìyẹn, ọjọ́ 23 oṣù Owéwe ọdún 1886 ni a sì fi àdéhùn rẹ̀ múlẹ̀ lójú ogun.

Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló fa ọ̀rọ̀. Nígbà tí Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí pa wọ́n ní ọdún 1878, àwọn ìlú tí inú ti ń bí tipẹ́ gbárajọ di Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni ó di balógun wọn. Ààrẹ Látòósà ló kó ogun Ìbàdàn wá.

Èkó kò ṣe òǹwòran o. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú bọ̀ láti Sàró àti Bràsíìlì, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì ra ìbọn Snider tí a ń ki láti ìdí. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbà fi ránṣẹ́. Ṣakabùlà ni Ìbàdàn ń yìn nígbà náà. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn yóò dà? Ìró ìbọn náà ni a sọ pé ó fún ogun ní orúkọ, Kírìjì.

Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Gómìnà Moloney rán àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips láti là wọ́n, Higgins àti Smith sì wá fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira, iná sì jó àgọ́ ogun. Ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdà àti Igbájọ kù sábẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń yọ̀ mọ́ àdéhùn náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn mẹ́rin wọ̀nyí.

Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ìtàn péjọ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀. Ogun tó kù, ti Ìlọrin àti Ìbàdàn, kò tán títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter tú àgọ́ ká. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òyìnbó mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì rán an lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó.