Agbára Apá Kọ́ o: Ìtàn Bóòtù Orí Ẹ́ńjìnnì, Láti Ìdó

Ìdó la ń lọ lónìí, bóòtù là ń wá lọ.

Ìdó ni àbúrò bàbá mi ti ń fi Píjò 504 gbé èrò. Owó ọkọ̀ yẹn ló fi ń rán wa nílé ìwé. Lọ́jọ́ kan, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jó. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ rẹ̀, ó fi páìpù gun sípánà, ó sì fi gbogbo ara táìtì bóòtù tọ́ọ̀pù sìlíńdà. A yìn ín pé apá rẹ̀ le. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, omi ti wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì funfun bí ògì. Ọkọ̀ dúró, owó ilé ìwé dúró.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Lọ́dún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Ìdó. Nígbà tó di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Ooru omi ló ń wa rélùwéè ayé ìgbà yẹn. Ìdérí sìlíńdà rẹ̀ rí roboto, bóòtù sì yí i ká. Bí o bá fún ọ̀kan díẹ̀, èyí tó kọjú sí i ló kàn. Ọwọ́ ọ̀gá ni ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń tan ni. Wọ́n ní lọ́dún 1918, Conrad Bahr, tó ń ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní New York, ronú kan sípánà tó ń sọ ìwọ̀n agbára, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fún bóòtù páìpù jù. Òun là ń pè ní tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì.

Lọ́dún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà 504, alumíníọ̀mù ni. Bulọ́ọ̀kù rẹ̀, irin. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Bóòtù ló so wọ́n pọ̀. Ó ń nà díẹ̀, ó sì ń fà padà bíi rọ́bà. Èyí tí a bá fún jù ti nà kọjá ààlà, kò lè fà padà mọ́. Ohun tó pa ọkọ̀ wa nìyẹn.

Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó lọ sí etí, bí ẹni ń fi ọwọ́ na aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó má baà ká jọ. Ẹ má fún un tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ìpele bíi mẹ́ta. Ihò bóòtù gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ: omi tó bá kù nísàlẹ̀ rẹ̀ lè la bulọ́ọ̀kù. Ìdọ̀tí náà ń tan rẹ́ńṣì jẹ. Nínú agbára 100 tí ẹ lò, bíi 10 péré ló ń di orí mú. Ìyókù, fífi irin ha irin ló gbé e lọ.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní tún yàtọ̀. Ẹ ó fún bóòtù dé nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ sọ, lẹ́yìn náà ẹ ó yí i ní iye dígírì tí ìwé náà sọ. Púpọ̀ nínú irú bóòtù yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré la ń lò ó.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kan kì í ṣe ti òmíràn. Fóònù ọwọ́ yín lè gbé ìwé rẹ̀ jáde. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé orí lé ẹ́ńjìnnì yín, ẹ rọra béèrè pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mélòó lẹ máa táìtì ẹ̀ dé?”

Àbúrò bàbá mi padà ra ẹ́ńjìnnì tokunbo. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sí i, òun fúnra rẹ̀ ló di ìwé náà mú. Ó dìgbà kan ná o.