A Pa Á Rẹ́, Kò Parẹ́

Kò sí ọ̀rọ̀ tó yá lẹ́nu ju èyí lọ nígbà tí a bá ń sọ èdè ètò ímeèlì di Yorùbá. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní "dìlíìtì", pa á rẹ́ ni, ó parí. N kò rí àléébù kankan lára gbólóhùn yẹn bí ó bá jẹ́ fọ́tò tàbí nọ́ńbà fóònù ni a fẹ́ mú kúrò. Ọ̀rọ̀ ímeèlì ló yàtọ̀. Nínú ètò ímeèlì tí a gbé sórí kọ̀ǹpútà, irú Thunderbird tàbí Outlook, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fara pamọ́ sábẹ́ "pa á rẹ́", ìkẹta nìkan ló sì ń pa nǹkan rẹ́ ní tòótọ́. Ẹni tó ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì, tó wá kà á pé lẹ́tà òun ti parẹ́, àyà rẹ̀ á já, kò sì ní wá a mọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ọ̀hún wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ jẹ́ ká wo Thunderbird. Bí a kò bá yí ìṣètò rẹ̀ padà, gbogbo lẹ́tà inú fódà kan, inú fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní mbox ló ń tò wọ́n sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Lókè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó ń jẹ́ X-Mozilla-Status, tí nọ́ńbà tẹ̀ lé. Lẹ́tà tí ẹ ti kà lè ní 0001 níbẹ̀. Bí ẹ bá jù ú sí ibi ìdọ̀tí, ètò náà á dà á kọ síbẹ̀, á sì sọ nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ di 0009. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan kò kúrò nínú fáìlì. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ fún ètò pé kó má fi lẹ́tà náà hàn mọ́ ni.

Iṣẹ́ kìíní, ààtàn ni mo fẹ́ kí a máa pe ibi tí a ń jù ú sí. Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí gùn, kò sì wu ọwọ́ láti tọ́. Ààtàn kúrú, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ènìyàn lè lọ sórí ààtàn lọ ṣa nǹkan. Jù ú sí ààtàn. Mú un kúrò ní ààtàn.

Iṣẹ́ kejì ni àmì yẹn. Sàmì ìparẹ́ sí i: ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́. Àwọn tó ṣe IMAP, ìlànà tí ètò ímeèlì fi ń bá server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú lẹ́tà) sọ̀rọ̀, èyí tí Mark Crispin dá sílẹ̀ ní 1986, rí ìyàtọ̀ yìí kedere: àṣẹ tó ń sàmì sí lẹ́tà kọ́ ni àṣẹ tó ń yọ ọ́ kúrò.

Orí iṣẹ́ kẹta ni ìjà wà. Compact ni Thunderbird pè é, orúkọ tí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì túmọ̀ rẹ̀ sí "fún un pọ̀", a tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i, nítorí pé ohun tí a fún pọ̀ ṣì pé, a kàn sọ ọ́ di kékeré ni. Ohun tí ètò ń ṣe kò jọ ìyẹn rárá. Á ṣí fáìlì tuntun, á da àwọn lẹ́tà tí kò ní àmì ìparẹ́ kọ sínú rẹ̀, á sì ju fáìlì àtijọ́ nù tòun ti gbogbo ohun tó ní àmì. Gbígbá nìyẹn. Gbá fódà ni kí a kọ. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún rí pé a kì í gbálẹ̀ lálẹ́ mọ ìdí tó fi yẹ kó wò ó dáadáa kó tó tẹ irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbá yìí ló sì ń yọ ènìyàn nínú ewu. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ sọnù, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé kó má gbá fódà. Kó pa Thunderbird dé, kó ṣe àdàkọ fáìlì mbox náà pamọ́, kó wá ṣí i nínú ètò tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lásán, kó wá ọ̀rọ̀ kan tó rántí nínú lẹ́tà, kó sì yí 0009 òkè rẹ̀ padà sí 0001. Bó bá pa fáìlì atọ́ka tó ní .msf ní ìparí orúkọ rẹ̀ rẹ́, tó sì tún Thunderbird ṣí, lẹ́tà á yọjú. Bó bá ti gbá a, iṣẹ́ àwọn tó ń wá nǹkan lórí dísìkì ló kù, ìyẹn sì lè má bọ́ sí i.

Àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí tó ń jẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ní olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tuntun fún akẹ́kọ̀ọ́. Bọ́tìnì kò ní olùkọ́. Ó gbọ́dọ̀ dá ara rẹ̀ túmọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kórìíra "Parẹ́" tí wọ́n máa ń so pọ̀ nítorí àyè. Ẹni tó ń kà á gan-an ló ń lé lọ, bí ẹni ń pe ọfọ̀. "Ráúráú" náà, mi ò ní fi fún Shift+Delete, nítorí pé ààtàn nìkan nìyẹn ń fò. Nínú fáìlì mbox, àmì ṣì ni. Ẹ jẹ́ kí ó dúró de gbígbá.

Ó ku ìdápadà. "Gbà á padà" wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ti ń gba nǹkan. Ó bá Outlook mu bí ó bá ń lo Exchange, ètò Microsoft tó ń tọ́jú lẹ́tà lórí server: lẹ́tà tó ti kúrò ní ààtàn ṣì wà lọ́wọ́ server fún ọjọ́ 14 bí alábòójútó kò bá yí i padà, ó sì lè tó 30 lórí Exchange Online. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa, "dá a padà" ló tọ́. Ẹnì kan lè dábàá "hú u jáde". Òkú ni wọ́n ń hú.

Nítorí náà, bí ètò bá fẹ́ gbá fódà, ohun tí mo fẹ́ kà lójú rẹ̀ ni: "Ṣé kí a gbá fódà yìí? Àwọn lẹ́tà tí ẹ ti sàmì ìparẹ́ sí yóò parẹ́ ráúráú." Ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, àyè wà. Bọ́tìnì méjì ló wà nísàlẹ̀: Gbá a, àti Ó di ìgbà mìíràn.